Bí òtútù bá dé ní Ìlú Ọba: Ìtọ́jú ajá, ológbò àti ehoro láti ìgbà ìwọ́wé títí yìnyín yóò fi yọ́

Ẹ̀yìnlàárò ni orúkọ ajá náà. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ń gbé ní Peckham, lápá gúúsù London, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì mọ bí Yorùbá ṣe ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò yóò mọ̀ pé kì í ṣe ajá nìkan ló ń pè. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu títí tó fi ra ajá yìí. Ó ra àwo fún un, ó ra okùn, ó sì ní kí wọ́n kan ilé pákó kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé, pé ibẹ̀ ni yóò máa sùn, nítorí pé nínú ilé bàbá wa ní Ìbàdàn, ajá kì í wọ yàrá. Kò sí wàhálà kankan ní gbogbo ìgbà ooru. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá, òjò rọ̀ títí, nígbà tó dáwọ́ dúró, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ajá náà ti ká jọ sínú ilé pákó rẹ̀, irun rẹ̀ tutù rinrin, kò gbó, kò ju ìrù. Ìyá àgbà òyìnbó kan tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn ló rí i láti ojú fèrèsé, òun ló sì figbe ta. Ẹ̀gbọ́n wa sọ fún mi pé ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń pa òun. Ó ní, “Òtútù wo ló ń pa ajá?”

Ajá náà kò kú. Ṣùgbọ́n dókítà ẹran tí wọ́n gbé e lọ bá sọ fún wọn pé bí wọ́n bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, òkú ni wọn ì bá gbé wá. Ìyá àgbà yẹn sì fi kún un, láìfi ìbínú sọ ọ́, pé òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbólóhùn yẹn ló da jìnnìjìnnì bo ẹ̀gbọ́n wa ju ọ̀rọ̀ dókítà lọ.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí ni mo ti ń bi àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun léèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn wọn nígbà òtútù, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ ló ń lo ọgbọ́n tí wọ́n gbé láti ilé lọ. Ọgbọ́n náà kò burú níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ọyẹ́ la mọ̀ nílé. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ó máa ń la ètè, ó máa ń han awọ ara, àárọ̀ rẹ̀ sì máa ń tutù. Ṣùgbọ́n òtútù gbígbẹ ni, bí oòrùn bá sì ti yọ tán, ajá yóò wá ibi tó gbóná nà gbalaja sí. Òtútù Ìlú Ọba kò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù olómi ni, ó ń wọ egungun, oòrùn tí ì bá sì lé e lọ kò sí lójú ọ̀run. Ní ìparí oṣù kejìlá, oòrùn kì í yọ ní London títí aago mẹ́jọ àárọ̀ yóò fi kọjá, kò sì ní í tíì lu aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí yóò ti wọ̀.

Ohun kan tó sì yẹ kí a tètè sọ ni pé kì í ṣe òtútù nìkan ni ọ̀tá ẹran ọ̀sìn lásìkò yìí. Púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe wọ́n léṣe ni ohun tí àwa ènìyàn ń ṣe láti fi gbógun ti òtútù, tàbí láti fi gbàgbé rẹ̀: iyọ̀ ojú títì, omi tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò, báńgà, ilé tí a sé pa, àti oúnjẹ ọdún. Ẹni tó bá ra aṣọ òtútù fún ajá rẹ̀ tí kò sì mọ̀ nípa àwọn nǹkan wọ̀nyí kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú òtútù fúnra rẹ̀. Ara ajá tí ara rẹ̀ dá máa ń gbóná ju ti ènìyàn lọ. Ó wà láàárín ìwọ̀n 38.3 sí 39.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju 37 lọ, ewu ti dé. Irun ni ẹ̀wù rẹ̀, ṣùgbọ́n irun nìkan kọ́ ló ń mú un móoru. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun náà ni. Bí omi bá ti wọ inú irun, afẹ́fẹ́ yẹn ti lọ nìyẹn, ẹ̀wù náà kò sì wúlò mọ́. Ìdí nìyí tí ajá tó tutù rinrin ní alẹ́ tí òtútù kò tilẹ̀ le púpọ̀ fi lè wà nínú ewu ju ajá tó gbẹ lọ ní alẹ́ tí yìnyín ń já bọ́. Ohun tó ṣe Ẹ̀yìnlàárò gan-an nìyẹn.

Ajá kò sì dọ́gba. Husky, tí a mọ̀ mọ́ ilẹ̀ yìnyín, lè sùn lórí yìnyín kí ó má mira. Greyhound, Whippet àti Chihuahua, tí irun wọn fẹ́lẹ́ tí ara wọn sì gbẹ, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ọmọ ajá, ajá tó ti darúgbó, àti ajá tó ń ṣàìsàn kò ní agbára àtimú ara wọn gbóná. Bí òtútù bá kọ́kọ́ mú ajá, yóò máa gbọ̀n, yóò ká jọ, yóò máa gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún. Ẹ fi ọkàn sí èyí tó tẹ̀ lé e: bí ó bá wá ṣíwọ́ gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ti gbóná, tó ń tòògbé, tí kò dáhùn orúkọ rẹ̀, kì í ṣe pé ó ti sàn. Agbára tó fi ń gbọ̀n ló ti tán. Ẹ gbé e wọlé, ẹ fi aṣọ ìnura nù ún gbẹ, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, kí ẹ sì pe dókítà. Ẹ má ṣe gbé e ti iná, ẹ má sì fi rọ́bà omi gbígbóná kan awọ rẹ̀ láìfi aṣọ wé e, nítorí awọ tí òtútù ti pa kì í tètè mọ̀ pé iná ń jó òun.

Ẹni tí kò fẹ́ kí ajá wọ yàrá rẹ̀ kò ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kí ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ilé ìdáná tó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú ilé tó. Kí ibùsùn rẹ̀ ṣáà má kan ilẹ̀ onítáìsì tààrà, kí ó má sì wà níwájú ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ajá àgbà tí oríkèé ń dùn nílò ibùsùn tó nípọn, nítorí pé àárọ̀ òtútù ni ìrora oríkèé máa ń pọ̀ jù. Tí ẹ bá mú ajá onírun fẹ́lẹ́ jáde, aṣọ òtútù rẹ̀ kì í ṣe fáàrí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nílé yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ajá wọ kóòtù. Kí wọ́n wá dúró síta pẹ̀lú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

Ọ̀rọ̀ irun yìí tún ní ohun kan nínú tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ló ń sọ fún ara ajá àti ológbò pé àsìkò ti yí padà, ju òtútù lọ. Bí ojúmọmọ bá ti ń kúrú lásìkò ìwọ́wé, ìyẹn láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá tí ewé igi máa ń pọ́n tí ó sì ń wọ́ sílẹ̀, irun ìgbà ooru yóò gbọn dànù, èyí tó nípọn yóò sì jáde. Ṣùgbọ́n ẹran tó ń gbé nínú ilé tí iná mànàmáná ń tàn títí di ọ̀gànjọ́, tí ẹ̀rọ amúlégbóná sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kò rí ọ̀nà mọ àsìkò dáadáa. Ìyẹn ló ń fà á tí irun rẹ̀ fi ń já sórí àga yín jálẹ̀ ọdún. Kì í ṣe àrùn. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ya á. Ẹ má sì ṣe fá irun ajá ní kòlóbó lásìkò yìí nítorí pé ó ń dọ̀tí ilé.

Ní ti oúnjẹ, kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn kan gbà pé kí ẹran jẹun sí i nígbà òtútù. Òótọ́ ni fún ẹran tó ń sun ìta. Ajá inú ilé tí ìrìn rẹ̀ ti dín kù nítorí òjò àti òkùnkùn kò nílò àfikún. Sísanra ni yóò sanra.

Wàyí o, kí a wá sórí ohun tí ènìyàn ń ṣe. Bí kánsù bá ti gbọ́ pé ilẹ̀ yóò dì lóru, wọn yóò rán ọkọ̀ ńlá jáde láti máa da iyọ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ sójú títì, nítorí pé omi tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ kì í tètè dì. Iyọ̀ yìí ń gba ẹ̀mí ènìyàn là, kò sí iyè méjì. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò wọ bàtà. Iyọ̀ náà á máa fà á gbẹ títí yóò fi sán, yóò sì máa ta á. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé bí ajá bá délé, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni kí ó máa lá ẹsẹ̀ rẹ̀, iyọ̀ tó bá sì pọ̀ nínú ara lè mú kí ó máa bì, kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́ kíkankíkan, kí gìrì sì mú un. Ẹ gbé abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan sẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ tó bọ́ bàtà tiyín, ẹ fọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti abẹ́ ikùn rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, pàápàá jù lọ àárín ọmọ ìka.

Èyí tó tún léwu jùyẹn lọ ni omi tí àwọn òyìnbó ń pè ní antifreeze, tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ mọ́tò kí omi inú rẹ̀ má baà dì. Ohun tó wà nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ethylene glycol. Ó ń dùn lẹ́nu, ajá sì lè lá a nítorí adùn rẹ̀. Ológbò kì í mọ adùn lẹ́nu rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dá a, ṣùgbọ́n òun náà yóò lá a bí ó bá wà nínú omi tó rọ́ sílẹ̀, tàbí bí ó bá ta sí i lẹ́sẹ̀ tó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ìwọ̀n ṣíbí tíì kan péré tó láti pa ológbò.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló jẹ́ kí ó máa tan ènìyàn jẹ. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹran náà yóò máa ta gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, yóò máa bì, yóò máa mu omi. Lẹ́yìn náà ni yóò dà bí ẹni pé ó ti ń gbádùn, tí àwọn onílé yóò sì máa dúpẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń sọ omi náà di ásíìdì, tí kírísítálì sì ń kóra jọ sínú kíndìnrín rẹ̀. Bí kíndìnrín bá ti daṣẹ́ sílẹ̀ tán, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe mọ́. Oògùn tó wà fún un, tí wọ́n ń pè ní fomepizole, àti ọtí líle pàápàá, kì í ṣe pé ó ń pa májèlé náà. Ó kàn ń gba iṣẹ́ mọ́ ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ ni kí ó má baà ráyè sọ ethylene glycol di ohun tí ń pani. Bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn dókítà ẹran ti fi vodka gba ẹ̀mí ẹran là rí. Ṣùgbọ́n dókítà nìkan ló mọ ìwọ̀n tó yẹ àti bí a ṣe ń fà á sára. Ẹni tó bá rọ ọtí sí ológbò lẹ́nu nílé yóò fi tirẹ̀ kún ti májèlé. Fún ológbò, bí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá lẹ́yìn tó lá a, ìrètí ti dín kù jọjọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró wò ó di àárọ̀. Ẹ tọ́jú ìgò rẹ̀ sí ibi gíga, ẹ nu èyí tó bá dà sílẹ̀, bí mọ́tò yín bá sì ń jò, ẹ tún un ṣe. Èyí tó ń jò sábẹ́ mọ́tò yín lè pa ológbò aládùúgbò.

Mọ́tò náà tún ní ewu mìíràn. Ológbò tó wà níta lóru máa ń wá ibi tó gbóná, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sì gbóná. Ó lè gba abẹ́ wọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ sùn. Kí ẹ tó ṣíná mọ́tò láàárọ̀, ẹ fi ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Bí ilé bá sì wà ní títì pa nítorí òtútù, ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kò rọ́nà jáde. Ẹni tó bá ń sin odídẹrẹ́ tàbí ẹyẹ mìíràn ni mo ń bá sọ èyí. Páànù ìdáná tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, èyí tí wọ́n fi Teflon pa inú rẹ̀, bí a bá gbàgbé rẹ̀ sórí iná tó gbóná kọjá ààlà, èéfín tó ń jáde lára rẹ̀ lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń dáná kò tilẹ̀ ní í mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ilé ìdáná kì í ṣe ibi tí a ń gbé ẹyẹ sí, bó ti wù kó móoru tó.

Báńgà ń kọ́? Ní gbogbo ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń rántí ọdún 1605, nígbà tí Guy Fawkes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú láti fi ẹ̀tù fọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọn yóò dáná ńlá, wọn yóò yin báńgà aláràbarà sójú ọ̀run. Kì í sì í ṣe alẹ́ kan ṣoṣo mọ́: láti ìparí oṣù kẹwàá ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ọdún Diwali àwọn ará Íńdíà a máa bọ́ sáàárín rẹ̀, ọdún tuntun náà yóò sì tún dé. Òfin ọdún 2004 kò gbà kí ẹnikẹ́ni yìn ín láti aago 11 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀, àfi àwọn alẹ́ ọdún mélòó kan tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n kí aago 11 tó lù, ó ti tó àkókò fún ajá láti fo ọgbà. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tó bá ga ju 20,000 Hz lọ. Ti ajá ń gbọ́ títí dé nǹkan bí 45,000. Ariwo tó jẹ́ ìdùnnú fún wa, ogun ni létí rẹ̀.

Ẹ mú ajá jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ti fèrèsé, ẹ fa kọ́tìnì, ẹ tan rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo abẹ́ tábìlì kan fún un láti fara pamọ́ sí. Bí ó bá sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má fà á jáde. Bí ó bá tọ̀ sílé nítorí ìbẹ̀rù, ẹ má nà án. Èyí tí kò mọ báńgà rí, tí ẹ̀rù sì ń bà ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ sọ fún dókítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, oògùn wà. Kí ẹ sì rí i dájú pé nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ bíńtín inú awọ rẹ̀ kì í ṣe ti ilé tí ẹ ti kó kúrò. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni òfin ti sọ ẹ̀rọ náà di dandan fún ajá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di dandan fún ológbò náà láti ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, ọdún 2024. Ajá tó sá lọ ní alẹ́ báńgà tí wọ́n sì rí nílùú kejì, ẹ̀rọ yẹn nìkan ni ẹnu tó fi lè sọ ilé ara rẹ̀.

Oúnjẹ ọdún ni mo fẹ́ kí àwọn ìyá wa tẹ́tí sí, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣà wa ti fẹ́ ṣe àkóbá. Nílé, ajẹkù ni ajá ń jẹ: ẹ̀bà, ìrẹsì, ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù sí ìdí ìkòkò, egungun. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ yẹn, ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ sísè tàbí gbígbẹ, máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ti ológbò jẹ́, ti ológbò sì burú jù. Aáyù náà kò dára fún wọn. Ìpalára rẹ̀ kì í hàn lọ́jọ́ náà. Ó lè di ọjọ́ mélòó kan kí ẹran tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì ti dín kù lára rẹ̀, kò sì ní í sí ẹni tí yóò rántí ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ ọjọ́ Kérésì. Egungun tí a ti sè, pàápàá ti tòlótòló àti adìẹ, máa ń fọ́ sí ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Ẹ wá fi ti àwọn òyìnbó kún un: ṣokoléètì, tó jẹ́ pé bí ó ṣe dúdú tó ni oró rẹ̀ ń le tó, àti àkàrà ọdún wọn tó kún fún èso àjàrà gbígbẹ. Àjàrà yìí lè ba kíndìnrín ajá jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n kan tí ènìyàn lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò ní í ṣe é ní nǹkan kan. Àlejò ló sábà máa ń ju nǹkan sábẹ́ tábìlì. Bí ilé bá fẹ́ kún, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ajá sí yàrá mìíràn pẹ̀lú omi àti oúnjẹ tirẹ̀.

Kí ó tó kan ìgbà yìnyín rárá, àwọn ewu ìgbà ìwọ́wé wà nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Èso igi oaku, àti kóró pupa dídán tí àwọn ọmọdé ń ṣà tí wọ́n ń pè ní conker, méjèèjì lóró fún ajá, conker sì tún lè há sí i nínú ìfun. Ọ̀rinrin ilẹ̀ máa ń mú ìgbín jáde, àti irú èyí tí kò ní ìkarahun. Aràn kan wà nínú wọn tí ajá ń kó bí ó bá jẹ wọ́n, tó ń lọ gbé nínú ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn aràn ọjà lásán kì í dènà rẹ̀, ti dókítà ni kí ẹ béèrè.

Ehoro, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé níbẹ̀ ń sìn, lè fara da òtútù bí ibùgbé rẹ̀ bá gbẹ tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ kó koríko gbígbẹ tó pọ̀ sí i, ẹ gbé ilé rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ wo ìgò omi rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ bóyá ẹnu rẹ̀ ti dì. Ẹ lè gbé e wọ gáréèjì, tí ẹ kò bá ń pa mọ́tò síbẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí ó sun inú pálọ̀ gbígbóná lónìí, kí ẹ dá a padà síta lọ́la. Ẹja inú kànga ọgbà kò ní wàhálà bí kànga náà bá jìn, àfi bí yìnyín bá bo ojú omi pátápátá. Nígbà náà, ẹ má fi òòlù fọ́ ọ, ìró rẹ̀ ń pa ẹja lára. Ẹ gbé ìkòkò omi gbígbóná lé orí yìnyín náà títí yóò fi lu ihò. Bí ajá yín bá sì sáré gun orí odò tó dì, tí yìnyín fọ́ mọ́ ọn, ẹ má ṣe tẹ̀ lé e. Ẹ pe iléeṣẹ́ panápaná. Ajá sábà máa ń rọ́nà jáde. Àwọn tó wọ inú omi tọ̀ ọ́ ni wọn kì í jáde nígbà mìíràn.

Òfin tí ìyá àgbà yẹn ń sọ ni Animal Welfare Act ti ọdún 2006, tó wà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Scotland ní tirẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà. Kì í ṣe ìgbà tí ẹran bá kú kí òfin yìí tó mú ènìyàn. Ó ní ẹni tó bá ní ẹran gbọ́dọ̀ fún un ní ibùgbé tó yẹ, oúnjẹ tó yẹ, àyè láti hùwà bí irú rẹ̀ ṣe ń hùwà, ìbágbépọ̀ tàbí ìdágbé bó ṣe yẹ ẹ́, àti ààbò kúrò lọ́wọ́ ìrora àti àrùn. Ẹni tí kò bá ṣe é lè san owó ìtanràn tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n, ilé ẹjọ́ sì lè ní kí ó má ní ẹran mọ́. Ní ti ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹran, wọ́n sọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ di ọdún márùn-ún ní 2021, nígbà tó jẹ́ pé oṣù mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀. “Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn” kì í ṣe àwíjàre níbẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ mú ajá rẹ̀ láti Nàìjíríà lọ síbẹ̀, ìṣirò oṣù ṣe pàtàkì. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà rọ̀ fún, nítorí àrùn dìgbòlugi. Wọn yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ bíńtín yẹn sí ajá lábẹ́ awọ, wọn yóò gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, wọn yóò dúró ó kéré tán fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, lẹ́yìn náà ni ajá yóò tún dúró fún oṣù mẹ́ta gbáko láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Wọn yóò sì fún un lóògùn aràn ní bí ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ó tó wọlé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ètò yìí nínú oṣù keje, àárín òtútù ni ajá rẹ̀ yóò bọ́ sí, ajá ìbílẹ̀ wa, tí irun rẹ̀ kúrú tó sì lẹ̀ mọ́ ara. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kejìlá, ìgbà ìrúwé ni yóò gúnlẹ̀, yóò sì ní gbogbo ìgbà ooru láti fi mọ ìlú.

Owó dókítà ẹran wọ́n lọ́hùn-ún, ẹ̀rù owó náà sì máa ń mú kí àwọn èèyàn dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bàjẹ́. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ PDSA, obìnrin kan tó ń jẹ́ Maria Dickin ló dá a sílẹ̀ ní Whitechapel ní London lọ́dún 1917 láti máa tọ́jú ẹran àwọn tálákà. Títí di òní, wọ́n ń tọ́jú ẹran àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n sì ń gbé lágbègbè ilé ìwòsàn wọn, lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó. Blue Cross náà ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ ní Victoria láti ọdún 1906. Yàtọ̀ sí èyí, dandan ni fún gbogbo dókítà ẹran ní Ìlú Ọba láti ṣètò ìtọ́jú pàjáwìrì tọ̀sán-tòru, nítorí náà fóònù tí ẹ bá ta sí iléeṣẹ́ dókítà yín láago méjì òru yóò darí yín síbi tí ẹnìkan ti wà lójúfò. Bí ó bá jẹ́ májèlé ni ẹ fura sí, ẹ sọ ohun tí ẹran náà jẹ, bí ó ṣe pọ̀ tó, àti aago tó jẹ ẹ́, kí ẹ sì mú ìgò tàbí páálí rẹ̀ dání bí ẹ bá ń lọ.